Ẹmọ́ ilé n'Ìbàdàn, ẹmọ́ ilé ní Leeds

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, iṣẹ́ tí ẹmọ́ ilé méjì ń fún mi ṣe ní Leeds níbí, bíi ogún tá a sìn n'Ìbàdàn ò fún Màámi ṣe tó bẹ́ẹ̀. Gínípígì làwọn ọmọ mi ń pè é, ẹranko kan náà ni. Àwọn èèyàn á sì ní ẹ ò rí i pé òyìnbó fẹ́ràn ẹranko jù wá lọ, èmi ò gbà yẹn o. Ojú ọjọ́ àti koríko ló fa gbogbo wàhálà yìí, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

N'Ìbàdàn, ọ̀rẹ́ bàbá wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní UI ló kó akọ kan àti abo méjì wá fún wa, irú èyí tí wọ́n máa ń lò ní láàbù. Bàbá wa ra pákó ní Bódìjà, kápẹ́ńtà kàn án pọ̀, ó fi nẹ́ẹ̀tì sójú ẹ̀, ó fi páànù bò ó lórí, wọ́n gbé e sẹ́yìn kíṣìnnì lábẹ́ igi máńgòrò, ó tán. Láàárọ̀ ká tó lọ síléèwé, ẹni tó bá kàn á gé koríko lẹ́bàá ògiri, á jù ú sí wọn, á bu omi sínú abọ́ tánńganran, tí wọ́n bá sì da omi yẹn nù, ó di ìgbà tá a bá dé kí wọ́n tó rí òmíì mu. Tá a bá bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ẹ̀ tiwọn ni, tá a bá bó àgbàdo, tiwọn ni, ewé ọ̀dùnkún tó ń fà kiri nínú ọgbà, tiwọn náà ni. Ohun kan ṣoṣo tí Màámi máa ń pariwo lé lórí ni èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, torí oró inú ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ewúrẹ́ pàápàá ń kú sí i.

Níbí, koríko gbígbẹ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní héè, ó sì gbọ́dọ̀ wà níwájú wọn tọ̀sán tòru. Eyín wọn kì í dúró, ó ń hù títí tí wọ́n á fi kú ni, jíjẹ koríko ló ń jẹ́ kó máa kúrú, ikùn wọn náà ò sì gbọdọ̀ ṣófo, tí ẹmọ́ ilé ò bá jẹun láti àárọ̀ dalẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ jẹ́ ká wò ó dọ̀la mọ́ nìyẹn. Nílé, koríko líle ẹ̀bá ògiri ló ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ pé iṣẹ́ kankan ń lọ. Koríko wà ní Leeds náà o, pápá kún gbogbo àdúgbò, àmọ́ ajá ti tọ̀ sí i, kánsù lè ti fọ́n oògùn sí i, tó bá sì ti di Nòfẹ́ńbà, ẹrẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀. Ìyẹn ni pé owó la fi ń ra koríko. Ìgbà tí mo sọ fún Màámi lórí WhatsApp pé mo fi pọ́n-ùn ra koríko, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Àjọkẹ́, ṣé kò sígbó lọ́dọ̀ yín ni?"

Ẹ tún wo ti fítámì C. Ara ẹmọ́ ilé ò lè ṣe é fúnra ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí tàwa èèyàn náà ò ṣe lè ṣe é, inú oúnjẹ ló ti gbọ́dọ̀ rí i, tí kò bá rí i, oríkèé á máa dùn ún, èrìgì ẹ̀ á máa ṣẹ̀jẹ̀. Héè ò sì ní in tó. N'Ìbàdàn tó jẹ́ pé ewé tútù ni lójoojúmọ́, tí ìbẹ́pẹ ń já bọ́ lẹ́yìnkùlé, ta ló ń ronú fítámì? Níbí, mo máa ń gé tàtàṣé fún wọn láràárọ̀, tàtàṣé témi fúnra mi ń ṣọ́ ná sínú ọbẹ̀! Oúnjẹ wóró-wóró tí wọ́n ń tà nínú àpò ní fítámì nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ló ń dínkù, ìdí nìyẹn tí mi ò kí ń fi ra àpò ńlá bó ti wù kó dínwó tó. Èyí tí wọ́n ń kán sómi yẹn, ẹ má nawó lé e, kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú omi, ó tún lè jẹ́ kí omi korò lẹ́nu wọn kí wọ́n máà mu ún mọ́.

Ọ̀rọ̀ kéèjì ló wà ńlẹ̀ gan-an. Pálọ̀ ni tiwa wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, torí yàrá méjì péré la ní, kò séyìnkùlé, wọn ò sì ṣeé gbé síta ní Jánúárì. Ohun tó bá sì wà ní pálọ̀, tó bá rùn, ibi tẹ́ ẹ ti ń jẹun lẹ máa ti gbóòórùn ẹ̀. Aṣọ fíliìsì ni mo tẹ́ sílẹ̀, mo tẹ́ tówẹ̀lì tó ń fa omi sábẹ́ ẹ̀. Láràárọ̀ kí n tó wọ yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́, mo máa ń mú búrọ́ọ̀ṣì àti pákà, màá gbá ìgbẹ́ wọn, ó dúdú, ó le, ó gùn díẹ̀. Ẹni tí ò sìn ín rí ò lè mọ bí ẹran kékeré méjì ṣe ń yàgbẹ́ tó, bí wọ́n ṣe ń jẹ ni wọ́n ń yà á, kódà wọ́n máa ń ya èyí tó rọ̀ kan tí wọ́n máa ń fẹnu gbà padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ jẹ, ẹ má bẹ̀rù, bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn, ohun tó ń ṣara lóore wà nínú ẹ̀. Igun tó wà lábẹ́ héè àti inú ilé kékeré tí wọ́n máa ń sá sí ni wọ́n ti máa ń tọ̀ jù, aṣọ ibẹ̀ ni mò ń pààrọ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgò omi, màá fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ fọ ẹnu ẹ̀, màá fi ìka tẹ bọ́ọ̀lù irin kékeré tó wà níbẹ̀, torí ó máa ń há, ìgò á kún dẹ́múdẹ́mú, òùngbẹ á sì máa gbẹ ẹranko.

Sátidé ni gbogbo ẹ̀ ń jáde. Wọ́n á wọnú páálí, èmi á palẹ̀ kéèjì mọ́. Ìtọ̀ wọn máa ń fi nǹkan funfun kan sílẹ̀ tó máa ń gan mọ́ ike, kálísíọ́ọ̀mù ni, ọṣẹ ò ràn án, fínígà funfun ni mo máa ń dà sí i, màá lọ wá nǹkan míì ṣe, tí mo bá fi máa padà dé á ti rọ̀. Aṣọ fíliìsì ńkọ́, màá gbọn ọ́n sínú náílọ́ọ̀nù, màá fi húfà fa irun àti koríko ara ẹ̀, màá wá kó o sínú àpò oníhò kó má baà dí wáṣín mọṣíìnì pa, mi ò dẹ̀ kí ń da nǹkan olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ yẹn sí i, torí tẹ́ ẹ bá dà á sí i, orí aṣọ ni ìtọ̀ á dúró sí, kò ní wọlẹ̀. Ọkọ mi ní òun ò mọ̀ pé alágbàfọ̀ ẹmọ́ lòun fẹ́.

N'Ìbàdàn sọ́dọ́ọ̀sì ni, ọ̀fẹ́, níbi tí wọ́n ti ń la pákó, ẹ gbé àpò lọ ẹ rọ ọ́ kún. Tó bá ti rùn, ẹ fi ṣọ́bìrì kó o, ẹ dà á sídìí ewédú, gbogbo ará àdúgbò ló ń wá já ewédú Màámi nígbà yẹn. Ìgbẹ́ kan náà ni mò ń dì sínú náílọ́ọ̀nù dúdú níbí o, ó máa ń dùn mí. Ṣùgbọ́n lórí sọ́dọ́ọ̀sì yẹn, mo gbè sẹ́yìn òyìnbó: eruku ẹ̀ máa ń wọ̀ wọ́n nímú, ẹ̀dọ̀fóró wọn ò sì lágbára, àwọn tó máa ń sín lásìkò ọyẹ́ tí wọ́n á kú, tá a máa ń ní òtútù ló mú wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eruku.

Tó bá kan ooru, Ìbàdàn le fún wọn. Wọ́n ní tó bá ti kọjá 26 lórí ìwọ̀n Celsius, ooru lè pa á, tó bá sì wá sílẹ̀ ju 15 lọ, ẹ gbé e wọlé. Ẹ wá ro Ìbàdàn wò ní Máàṣì, 34! Igi máńgòrò yẹn ló ń gbà wọ́n là, àti imọ̀ ọ̀pẹ tí bàbá wa tẹ́ sórí páànù. Òkè Andes ní Peru àti Bolivia ni wọ́n ti wá, ibi tó tutù, kò sí èyí tó bá wọn lára mu pátápátá nínú ìlú méjèèjì. Ohun tá a sì ń bẹ̀rù nílé kì í ṣe òtútù, ìjàlọ ni. Lóru kan tí òjò rọ̀ tán, igbe wọn ló jí wa, bàbá wa gbé tọ́ọ̀ṣì jáde, ìjàlọ ti ń gun ẹsẹ̀ kéèjì bọ̀. Láti ìgbà yẹn, agolo tí wọ́n da omi àti kẹrosíìnì sí ni ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wà. Ẹni tó bá sì gbé tiẹ̀ síta ní Leeds, kó múra de kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nínú ọkàn yín, bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ ẹ́. Mẹ́ta yẹn ló di ogún, oyún wọn kì í pé oṣù mẹ́ta, ọmọ wọn lajú wáyé, irun wà lára ẹ̀, ó ń sáré, akọ ẹ̀ tó bá fi ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta ẹ ti gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀. Ibo la máa kó wọn sí? Ní Peru wọ́n ń jẹ ẹ́ títí dòní, nínú kàtídírà Cusco, àwòrán oúnjẹ alẹ́ ìkẹyìn Jésù tí Marcos Zapata yà, ẹmọ́ ilé ló wà láàárín tábìlì. Àwọn ọmọ mi ò tíì mọ apá yìí nínú ìtàn ìdílé wọn, ẹ bá mi pa á mọ́. Níbí, abo méjì ni mo mú, kí ogún má baà dé, àti pé wọn kì í dá gbé, ní Switzerland òfin ò tiẹ̀ gbà kéèyàn sin ẹyọ kan.

Ti àìsàn, wọ́n máa ń fi pa mọ́ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé wọn sórí síkéèlì kíṣìnnì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá ń fọn ti ń ṣàìsàn nìyẹn. Dókítà ẹranko níbí, ẹ ò ní fẹ́ mọ iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi nítorí àìsàn kan ṣoṣo, owó yẹn ra ewúrẹ́. N'Ìbàdàn ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Mọ́kọ́lá, òmíì wà ní UI, àmọ́ ajá làwọn èèyàn ń gbé lọ. Kiní kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé: bẹ́ ẹ ṣe máa ń tú kápúsù ampicillin sómi adìẹ yẹn, ẹ má dán an wò fún ẹmọ́ ilé. Ampicillin, amoxicillin, gbogbo ìdílé pẹnisilíìnì, ó máa ń pa kòkòrò rere inú ìfun wọn, ìgbẹ́ gbuuru á sì pa wọ́n.

A ń bọ̀ nílé ní Dìsẹ́ńbà. Nílé, ọmọ aládùúgbò lẹ máa pè, ẹ ní kó máa ju koríko sí wọn, ẹ fún un ní owó bísíkíìtì. Obìnrin tó máa bá mi tọ́jú tèmi níbí ń gba owó ní alaalẹ́, ó sì ní kí n kọ gbogbo bí mo ṣe ń ṣe é sílẹ̀ fóun. Mo ti kọ ọ́ dé ojú ìwé kejì, mi ò tíì débi tí wọ́n ti ń gé èékánná.