Máṣíìnì bàbá mi kú lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó dé Ìṣẹ́yìn

Honda CG125 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo gbé jáde láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Mo fẹ́ gùn ún dé Ìṣẹ́yìn, kí n sùn síbẹ̀, tó bá di ọjọ́ kejì kí n lọ gun òkè Àdó-Àwáyé, torí ó pẹ́ tí mo ti ń sọ pé mo fẹ́ fojú ara mi rí adágún Ìyàkẹ̀ tó wà lórí àpáta yẹn. Ọdún 1976 ni Honda kọ́kọ́ gbé CG125 jáde, ti bàbá mi yìí náà ti dàgbà dáadáa, òun ni wọ́n ń gùn lọ síbi iṣẹ́ tíṣà, orí táńkì ẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tí ẹ̀gbọ́n mi á wà lẹ́yìn. Pushrod, ìyẹn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́, ló ń ti fáàfù ẹ́ńjìnnì ẹ̀, kò sí ṣéènì tó máa fẹ̀ tàbí tó máa já nínú ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn mẹkáníìkì wa fi fẹ́ràn ẹ̀, tí èmi náà fi kọ̀ láti tà á.

Mo ra epo kún táńkì ní Mọ́níyà, mi ò ní dárúkọ ilé epo yẹn. Láti ibẹ̀ dé Ìṣẹ́yìn tó nǹkan bíi kìlómítà 65, wọ́n ti tún ọ̀nà yẹn ṣe, ọ̀dà ẹ̀ dúdú, ó ń dán, atẹ́gùn ń fẹ́, inú mi dùn débi pé orin ni mo ń kọ nínú hẹ́mẹ́ẹ̀tì.

Kò tíì tó kìlómítà 15 tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí ẹni tí omi pá lórí. Mo fún un níná, kò gbà, ńṣe ló ń rọlẹ̀ ṣáá títí tó fi kú. Mo yí tááàpù epo sí rìsáàfù, ìyẹn epo tó kù nísàlẹ̀ táńkì, mo kíìkì ẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, kò dáhùn. Mo bá jókòó sábẹ́ igi kaṣú kan, mo mu omi, mo dá àwọn tó ń kọjá tó ń kí mi lóhùn, nígbà tí mo máa fi kíìkì ẹ̀ lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó dáhùn. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn sọ́kàn o, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, èmi ni mi ò ronú sí i.

Nígbà tó tún kú ní Ìjàyè, mo tú plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Ó gbẹ fúrúfúrú, orí ẹ̀ funfun. Tó bá jẹ́ pé iná ni kò wá, plọ́ọ̀gì á tutù fún epo tí kò jó, tó bá sì jẹ́ pé epo ló ń pọ̀ jù, á dúdú, á máa rùn. Èyí tó gbẹ tó tún funfun yìí, ebi epo ló ń pa ẹ́ńjìnnì. Mo wá sọ fún ara mi pé kàbúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ni, kò lè jẹ́ nǹkan míì.

Mo ti tááàpù, mo tú kàbúrétọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ìyá alámàlà kan, mo da epo inú ife ìsàlẹ̀ ẹ̀ sínú ike omi tí mo gé sí méjì. Háà! Omi jókòó rogodo rogodo sí ìdí epo, ìdọ̀tí pupa tó ti ara táńkì tó dógùn-ún wá sì wà níbẹ̀. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ, ìsàlẹ̀ yẹn náà sì ni jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bírásì kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá, ti ń fa epo, ẹ ò rí i pé omi ni ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ ń mu. Inú bí mi gan-an. Ọ̀rọ̀ epo ní ilẹ̀ yìí ti sú mi, ẹ̀yin náà rántí ọdún 2022 tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú ẹ̀ wọlé, methanol tó ń fa omi mọ́ra, tó tún ń jẹ rọ́bà.

Ìyá alámàlà ló fún mi ní ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì. Wọ́n ní, “Kú iṣẹ́ o, ọmọ mi, ṣé ó máa gbọ́?” Mo ní ó máa gbọ́, mà. Ìgbálẹ̀ yẹn ni mo fi ti ìdọ̀tí kúrò nínú sìló jẹ́ẹ̀tì, èyí tó kéré jù nínú àwọn jẹ́ẹ̀tì ẹ̀, torí ihò ẹ̀ ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wáyà irin ṣe é láéláé, bírásì ni jẹ́ẹ̀tì, kò le, irin á họ ihò yẹn gbòòrò, epo á wá máa pọ̀ jù, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe máa dá a padà, àfi kẹ́ ẹ ra òmíràn. Mo fẹnu fẹ́ gbogbo ihò, mo dè é padà, mo kíìkì ẹ̀, ó ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ìgbà tó wà ní tuntun. Mo rò pé ó parí nìyẹn.

Mo kọjá odò Ògùn, ó tún kú. Mo sinmi, ó jí, mo rìn díẹ̀, ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tí mo wọ Ìṣẹ́yìn, mò ń gbọ́ ìró òfì àwọn aláṣọ tó ṣì wà nídìí iṣẹ́, ó rẹ̀ mí, ọwọ́ mi ń rùn fún epo. Wọ́n júwe bàbá mẹkáníìkì kan fún mi, àgbàlagbà gidi, kò sí iná mànàmáná ní ṣọ́ọ̀bù wọn, tọ́ọ̀ṣì fóònù mi la lò.

Wọ́n wo kàbúrétọ̀ yíká. “Ta ló tú u?”

“Èmi ni, sà.”

“O tú u dáadáa. Ibẹ̀ kọ́ ló ń dùn ún.”

Wọ́n yọ rọ́bà epo kúrò lára kàbúrétọ̀, wọ́n ti ẹnu ẹ̀ bọ ike, wọ́n ṣí tááàpù. Epo dà wàà. Wọ́n ní kí n dákẹ́ kí n máa wò ó. Nígbà tó yá ó tín-ín-rín bí òwú, ó tún di ẹ̀kán, tó, tó, tó, ó dá. Bẹ́ẹ̀, epo ṣì pọ̀ ní táńkì. Wọ́n wá nawọ́ sókè, wọ́n ṣí ìdérí táńkì, mo gbọ́ fúùù, bí ẹni tó mòòkùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí, epo sì tún dà wàà.

Àyà mi là gààrà. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni epo ń ta sí mi lára látẹnu ìdérí yẹn, mo wá gé rọ́bà tíúbù róbótó, mo tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ẹ̀, epo ò ta mọ́. Ihò tíntín kan wà nínú ìdérí tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, rọ́bà mi ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wo agolo mílíìkì, ihò méjì là ń lù sí i, tó bá jẹ́ ẹyọ kan, mílíìkì ò ní dà bó ṣe yẹ. Bí epo ṣe ń jáde, tí atẹ́gùn ò wọlé dípò ẹ̀, táńkì á máa fa epo yẹn sẹ́yìn ni. Tí mo bá wá jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, atẹ́gùn á ti rápálá wọlé díẹ̀, ó tó kìlómítà díẹ̀ sí i nìyẹn.

Bàbá fi bíléèdì gé àárín rọ́bà náà, ó ku etí ẹ̀. Epo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán nísàlẹ̀ kàbúrétọ̀, wọ́n ní ìdọ̀tí ti há sábẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń ti epo, wọ́n fi ẹ̀yìn sukúrúdíráfà gbá ife ẹ̀ pẹ́pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dá. Wọ́n ní kí n fi fíltà sí rọ́bà epo, kí n lọ fọ inú táńkì pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ tí mo bá délé. Owó tí wọ́n gbà kéré débi pé ojú tì mí láti san án, mo fi mọ́ọ̀tì méjì lé e.

Mo dé Àdó-Àwáyé lọ́jọ́ Sátidé láìdúró níbì kankan. Mo gun òkè, mo jókòó ti Ìyàkẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, omi yẹn dákẹ́ rọ́rọ́ lórí àpáta, mo sì ń rò ó pé bàbá mi ì bá fẹ́ rí i.

Ọjọ́ Àìkú ni mo padà. Ìjàyè nìkan ni mo ti dúró, àmàlà ni mo fẹ́ jẹ. Ìyá náà dá mi mọ̀, wọ́n bi mí pé ṣé ó ti gbọ́.

Mo ní ó ti gbọ́, mà.