Kọfí Kàbà Dé Kubwa

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí inú ṣe ń bí àgbàlagbà, ẹ mu ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú, kí ẹ wá tu ú dànù níṣojú rẹ̀. Pálọ̀ wa ní Kubwa l'Ábújá níbí ló ti ṣẹlẹ̀, ojú mi kòrókòró ló ṣe.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ló ń mójú tó oko kọfí ẹbí wa ní Kàbà. Bàbá tó bí wọn ló gbin àwọn igi náà. Nígbà tí ìjọba tú bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó àti kọfí ká lọ́dún 1986, tí owó kọfí wá já wálẹ̀, àwọn tó múlé gbe oko wa gé tiwọn, wọ́n gbin káṣú. Bàbá Kékeré ò gé. Wọ́n ní àwọn ò lè tìtorí owó gé ohun tí bàbá àwọn gbìn. Ìyàwó wọn ní kí n má dá wọn lóhùn, pé ọ̀lẹ ni.

Ọmọ wọn ọkùnrin ló sọ oko náà di nǹkan. Ó ní èso tó bá pọ́n rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀ nìkan ni kí wọ́n máa ká. Wọ́n á dà á sómi, èyí tó bá léfòó, wọ́n á kó o dànù. Ìyókù á lọ sórí àwọ̀n tí wọ́n nà kúrò nílẹ̀, tèèpotèèpo, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n fi ń sá a, wọ́n á máa rò ó lọ́sàn-án, wọ́n á máa bò ó lálẹ́ nítorí ìrì. Bàbá Kékeré ní àwọn ò tọ́jú ọmọ kankan tó báyẹn rí, àti ọmọ tó ń fi iṣẹ́ náà rán àwọn pàápàá.

Èmi ni mo wá atọ́wò, ẹni tó máa tọ́ kọfí náà wò kí ó sì fún un ní máàkì. Ọmọkùnrin kan ni, ọmọ Ọ̀ṣun, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta kọfí ní Wuse. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọgọ́rùn-ún ni máàkì, àti pé èyí tó bá gba 80 sókè ni àwọn olówó ń wá kiri. Ó ní kí wọ́n yan kọfí náà ní alẹ́ Fúráìdè, kí ó sinmi fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán, kí wọ́n gbé e wá ní Sátidé. Ó wá kìlọ̀ fún mi gan-an: kò gbọdọ̀ sí àlùbọ́sà díndín nínú ilé lọ́jọ́ náà, kò gbọdọ̀ sí lọ́fínńdà, torí pé kọfí a máa fa òórùn mọ́ra. Búrẹ́dì lásán la jẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọkọ mi, tó máa ń da lọ́fínńdà sára bí ẹni ń wẹ̀, mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọkọ̀ ìdájí ni Bàbá Kékeré wọ̀. Wọ́n gba Lọ́kọ́ja, wọ́n gba Abájì, ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó já sí ọ̀dọ̀ wa, tagbádátagbádá, wọ́n gbá àpò kan mọ́ àyà. “Òkun o,” wọ́n kí wa. Mo ní kí n bá wọn gbé àpò, wọ́n ní rárá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n tú ẹnu rẹ̀, wọ́n bu díẹ̀ fún atọ́wò, wọ́n sì tún un dì.

Atọ́wò to ife márùn-ún sórí tábìlì. Ó lọ kọfí, ó ń gbé e sórí òṣùwọ̀n: gíráàmù 8.25 fún mílílítà omi 150. Ó bu díẹ̀ kúrò, ó tún fi bíńtín kún un. Bàbá Kékeré yíjú sí mi.

“Ṣé wúrà ló fẹ́ rà ni?”

Ó da omi gbígbóná sí i, ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀, ó ti imú bọ ife, ó fi ṣíbí ya ìfóòfó tó bo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bu ṣíbí kan, ó fà á: ṣùùùrúpù! Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń fà á nìyẹn kí ó lè kárí gbogbo ahọ́n. Tómi ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, nítorí ìgbátí ló ń jẹ tó bá fa ògì báyẹn. Kí ẹ̀rín náà tó tán, atọ́wò ti tu kọfí sínú kọ́ọ̀bù kan tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́: pùà!

Bàbá Kékeré dìde.

“Ọmọ ta ni ọ́? Ta ló kọ́ ọ nílé? Wọ́n fún ọ ní nǹkan mu nílé onílé, o tu ú dànù lójú ẹni tó ni ín?”

Ọkọ mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ wọn ni. Tó bá gbé gbogbo ẹ̀ mì, kò ní lè sùn. Kọfí Robusta ni tiwa sà, kafíìnì tó ń lé oorun lọ nínú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti kọfí Arabica tí wọ́n ń gbìn lórí òkè Mambilla.”

“Ẹni tó wá ṣiṣẹ́, kí ló fẹ́ fi oorun ṣe?”

Atọ́wò dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. Bàbá jókòó, ṣùgbọ́n wọn ò gbójú kúrò lára kọ́ọ̀bù ìtutọ́ yẹn mọ́.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun tọ́ ṣokoléètì wò, àti ẹ̀pà yíyan. Ó dé ife kejì, ojú rẹ̀ yí padà. Ní ìkẹta, ó dijú. Ó ní nǹkan kan wà níbẹ̀ tí òun mọ̀ dáadáa, orúkọ rẹ̀ ni kò wá sẹ́nu òun. Ó ní ó jinlẹ̀, ó fẹ́ jọ ohun tó ti kan. Ó bi Bàbá bóyá èso náà pẹ́ jù kí wọ́n tó sá a. Bàbá ní ká gbé irin wá kí àwọn fi búra.

Ni Tómi bá gbé ife kan sí imú.

“Mọ́mì, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ Màmá Kàbà ló wà nínú ẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Mo tú àpò, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ọwọ́ mi ba làílọ́ọ̀nù dúdú kan: irú wóró, ó tó agolo mílíìkì méjì. Wọn ò tilẹ̀ so ó le. Ó ti ń jò síta wóró wóró sáàárín kọfí, dúdú lèyí, dúdú lọ̀hún, ta ló mọ iye tó ti bá wọn wọnú ẹ̀rọ.

Atọ́wò rọra pa ìwé máàkì dé. Ó fà mọ́ mi létí. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè bu díẹ̀ fún mi nínú irú yẹn? Èyí tí mò ń rà ní Wuse kì í rí báyìí.”

Bàbá Kékeré ti ń pe ìyàwó wọn lórí fóònù. Wọ́n ṣí i síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

“Ìyá Ṣọlá! Kí lo gbé sínú àpò kọfí mi?”

“Ẹ kú ìrìn o! Irú Ìyá Tómi ni. Ṣé ó dé láyọ̀? Èyí tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, díẹ̀ ló kù kí dírẹ́bà jù ú sígbó ní Kọ́tọ̀ńkárífẹ̀ nítorí òórùn. Mo ti mọ̀ pé kọfí yẹn á bò ó. Àwọn èrò ọkọ̀ ò sọ nǹkan kan lónìí, àbí?”