Bátìrì orí bọ́ọ̀dù pinball: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, fún ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ pinball àtijọ́ (ẹ̀rọ ayò onísanwó tí wọ́n ń fi ń gbá bọ́ọ̀lù irin kékeré kiri) ṣe, ohun tí ẹ máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé bátìrì wo ló ń pẹ́ jù. Ẹ má tíì wo bó ṣe ń pẹ́ tó. Ẹ wo ohun tó máa ṣe bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ tó bá kú, tí ẹnikẹ́ni ò sì ṣí ẹ̀rọ náà wò fún ọdún mélòó kan.

Nǹkan bí 1977 ni àwọn ilé iṣẹ́ Chicago, ìyẹn Bally, Williams, Gottlieb àti Stern, bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sórí bọ́ọ̀dù tó ní kọ̀ǹpútà kékeré. Tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ, bátìrì á máa fún IC ìrántí (ègé kékeré orí bọ́ọ̀dù tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀) ní iná díẹ̀, kí àmì tó ga jù lọ, iye owó ẹyọ tó wọlé àti ètò tí olówó ẹ̀rọ yàn má baà nù. Tó bá kú, ìwọ̀nyí á lọ. Williams ti 1990 sókè á kọ "FACTORY SETTINGS RESTORED" sójú, ayò á sì máa bá a lọ. Ìyẹn ṣeé fara dà.

Èyí tí kò ṣeé fara dà ni omi inú bátìrì. Potassium hydroxide ni. Ó ń wọ́ lọ lábẹ́ ọ̀dà bọ́ọ̀dù, ó ń jẹ bàbà, ó ń wọnú sọ́kẹ́ẹ̀tì IC, ibi tó bá sì ti dé, lẹ́ẹ̀dì kì í mú níbẹ̀ mọ́. Fínígà funfun tí a lú mọ́ omi ló ń pa agbára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, ẹ fi alcohol nù ún, kó sì gbẹ kí ẹ tó tan iná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ti di àwọ̀ ewé, ẹ má ṣàánú rẹ̀, ẹ yọ ọ́ dànù.

Kí ẹ tó yan ohun tí ẹ máa fi rọ́pò bátìrì, ẹ mọ̀ bóyá bọ́ọ̀dù yẹn ń ṣáàjì bátìrì rẹ̀. Bally, Stern àti Gottlieb àtijọ́ jó bátìrì NiCd (oríṣi tó ń gba ṣáàjì) 3.6 vólítì mọ́ bọ́ọ̀dù lára, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣáàjì rẹ̀. Williams ní tirẹ̀ ń lo AA mẹ́ta, dáyóòdù kan sì wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí iná ẹ̀rọ padà wọnú wọn. Tí dáyóòdù yẹn bá ti ṣọ́ọ̀tì, tí kò dí iná mọ́, ẹ̀rọ á máa ṣáàjì bátìrì tí kò yẹ kó gba ṣáàjì, wọn á sì tètè yọ omi. Ẹ yọ AA wọ̀nyẹn, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ gbé mítà sí ibi tí wọ́n ń jókòó. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Tí ẹ bá rí 4 vólítì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dáyóòdù ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Lórí Williams, ohun tó rọrùn jù ni pé kí ẹ fi wáyà gígùn so ilé bátìrì mọ́ bọ́ọ̀dù, kí ẹ gbé e kúrò lórí bọ́ọ̀dù lọ sí ìsàlẹ̀ àpótí òkè, níbi tí omi rẹ̀ ò ti lè kan ohunkóhun. AA lithium dára níbẹ̀ ju alkaline lọ. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ wọn láìpàdánù àmì, ẹ ṣe é nígbà tí ẹ̀rọ wà ní títàn.

CR2032 (bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ) náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba ṣáàjì rárá. Lórí Bally, ẹ gbọ́dọ̀ fi dáyóòdù dí i. Dáyóòdù lásán á gbà tó 0.6 nínú 3 vólítì rẹ̀. IC 5101, ìyẹn IC ìrántí Bally, nílò ó kéré tán 2 vólítì kó má baà gbàgbé, nítorí náà dáyóòdù 1N5817 ni mo fẹ́ràn, torí kì í gbà tó bẹ́ẹ̀.

Lórí Bally kan náà, kápásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ sínú) 1 farad, 5.5 vólítì, bá iṣẹ́ náà mu dáadáa, torí bọ́ọ̀dù ti ní iná tó máa fi ṣáàjì rẹ̀. Kò ní potassium hydroxide nínú. Àmọ́ ẹ̀rọ tí wọn kì í tàn lóṣooṣù á gbàgbé.

NVRAM, ìyẹn IC ìrántí tí kì í gbàgbé bí wọ́n bá pa iná, ni mo gbà pé ó dára jù, torí kò nílò bátìrì kankan. FM1608, tó jẹ́ FRAM (oríṣi NVRAM kan), gba iye kan náà pẹ̀lú IC ìrántí 6264, ẹsẹ̀ 28 ni àwọn méjèèjì ní. 5101 ẹlẹ́sẹ̀ 22 ń fẹ́ bọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n ti ṣe fún un. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni yíyọ IC àtijọ́. Ẹ má fà á. Ẹ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lára rẹ̀, kí ẹ wá máa yọ wọn níkọ̀ọ̀kan, torí bàbà bọ́ọ̀dù ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń bó. Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí i, kí ẹ dá ètò padà sí ti ilé iṣẹ́ nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tàn án.

Ohun kan ni NVRAM kò lè ṣe lórí Williams ti 1990 sókè: kì í mú aago lọ, torí bátìrì ló ń gbé ọjọ́ àti àkókò. Tí oníbàárà bá ní ẹ̀rọ Twilight Zone ti 1993 (orúkọ Bally ni wọ́n fi tà á, àmọ́ bọ́ọ̀dù Williams ló wà nínú rẹ̀), tó sì fẹ́ kí aago orí tábìlì ayò náà máa sọ àkókò tó tọ́, ẹ fi NVRAM sí i, kí ẹ sì gbé bátìrì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kó jìnnà sí bọ́ọ̀dù.