Abẹ́ páànù mi ni ìgbín tó ń jẹ ẹ̀fọ́ mi ń sùn

Nínú oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, mo ṣí ọmọ ẹ̀fọ́ ṣọkọ 38 kúrò nínú bẹ́síìnì, mo gbìn wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Bariga. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni. Mo bomi rin wọ́n dáadáa, mo dúró wò wọ́n, inú mi dùn. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, 11 péré ló kù lóòró. Àwọn yòókù ti di kùkùté tín-ín-rín, àfi bíi pé ẹnì kan fi abẹ gé wọn nídìí.

Ẹlẹ́ǹgà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Àmọ́ ẹlẹ́ǹgà kì í fi ipa sílẹ̀ bí èyí tí mo rí. Lórí sìmẹ́ńtì ẹ̀gbẹ́ ebè, ilà kan wà tó ń dán nínú oòrùn àárọ̀, bíi pé èèyàn ti ìka bọ omi ilá tó sì fà á gbọọrọ lọ dé ara ògiri. Ìgbín ni. Kì í ṣe ìgbín ńlá tí à ń rà lọ́jà, tí à ń fi ata dín o. Àwọn wẹ́wẹ́ ni, àwọn tí ìkarahun wọn ṣe ṣóńṣó bí ìka ọmọdé, pẹ̀lú àwọn tí kò ní ìkarahun rárá, tí wọ́n dúdú, tí wọ́n rí pẹlẹbẹ bí ahọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ sílé ní Èkó, pàápàá ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín sún mọ́ ọ̀sà bíi tiwa, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ibí kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje, òjò kì í jẹ́ ká sinmi, ìgbà yẹn gan-an ni ìgbín sì ń jayé. Omi ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Bí oòrùn bá ká a mọ́ gbangba, ara rẹ̀ á gbẹ, á sì kú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òru ló ń jáde wá jẹun.

Iyọ̀ ni mo kọ́kọ́ lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Lóòótọ́ ni iyọ̀ ń pa ìgbín, gbogbo wa la ti rí bó ṣe ń hó tí iyọ̀ bá kàn án. Àmọ́ òjò ọjọ́ kejì fọ iyọ̀ náà wọnú ebè, ẹ̀fọ́ tó ṣẹ́kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ létí ewé, torí iyọ̀ inú ilẹ̀ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni gbúre pàápàá kò fi ṣe dáadáa níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé gbúre kì í kọ ilẹ̀.

Eérú sàn ju iyọ̀ lọ. Mo gbà á lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń yan ẹja létí ọ̀sà, mo sì bù ú yí ebè ká. Nígbà tó ṣì gbẹ, ìgbín kò fẹ́ gùn ún. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i, ó parí, ẹ óò tún bù ú, eérú tó bá sì pọ̀ jù kò dára fún ilẹ̀. Èèpo ẹyin ńkọ́? Mo fọ́ ọ sí ìdí tòmátò, ojú mi báyìí ni ìgbín gba orí rẹ̀ kọjá. Nígbà tí mo wá kà á pé Royal Horticultural Society, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ọgbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dán èèpo ẹyin àti bàbà (copper) wò lọ́dún 2018, tí wọn kò rí i pé wọ́n dín jíjẹ ìgbín kù, kò yà mí lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni mo ra oògùn oníhóró kan, aláwọ̀ aró. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ nǹkan kan fún mi ju pé kí n wọ́n ọn. Mo wọ́n ọn. Adìẹ Ìyá Káfáyà tí a jọ ń gbé nínú ọgbà ṣá a jẹ, méjì kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mo kó owó adìẹ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Ṣeun, ẹ dìde. Ti adìẹ kọ́ ni mo ń rò. Ká ní ọmọ ló mú un sẹ́nu ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Metaldehyde ni orúkọ ohun tó wà nínú oògùn náà, wọ́n kọ ọ́ wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn páálí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de lílò rẹ̀ níta láti ọdún 2022 nítorí ewu tó ń ṣe fún ẹyẹ àti ẹranko. Ẹ máa ka ẹ̀yìn páálí. Tó bá di dandan kí ẹ lo oògùn, iron phosphate ni kí ẹ béèrè, ewu tiẹ̀ kò tó ti èkejì. Èmi kò tún ra ìkankan.

Ẹni tó là mí lójú ni bàbá kan tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́bàá títì Badagry, tí mo máa ń yà ra irúgbìn lọ́wọ́ wọn bí mo bá lọ sí Aláàbà. Mo kí wọn kú iṣẹ́, mo ro ẹjọ́ mi. Wọn ò dá ọkọ́ dúró. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ti mọ ibi tó ń jẹun lóru. Lọ́sàn-án ńkọ́, ibo ló ń sùn?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

"Lọ wá ibùsùn rẹ̀."

Mo délé ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Páànù àtijọ́ kan wà nílẹ̀, èyí tí láńlọ́ọ̀dù ká kúrò lórí ilé, tí mo tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè kí n lè máa rìn lórí rẹ̀ nígbà ẹrẹ̀. Mo fi igi ti etí rẹ̀ sókè. Abẹ́ rẹ̀ tutù bí inú àmù. Wọ́n lẹ̀ mọ́ inú páànù yẹn bí ẹni so wọ́n rọ̀, àwọn kan ti fi ara dí ẹnu ìkarahun wọn, àwọn aláìníkarahun ká jọ sínú kọ̀rọ̀ kan. Mo kà 63. Mo wa yẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, mo bá ẹyin wọn ní ṣùùṣùù, ó funfun, ó ń kọ mọ̀nà bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́. Láti etí páànù dé ìdí ṣọkọ kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ. Èmi ni mo kọ́lé fún wọn sí ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ.

Mo wá àwọn ibi yòókù lọ́jọ́ yẹn. Abẹ́ àpò sìmẹ́ńtì tí mo gbin ata sí, wọ́n wà níbẹ̀. Abẹ́ ewé ugu tó ti pọ́n tó sì wó sílẹ̀, wọ́n wà níbẹ̀. Ihò búlọ́ọ̀kù ló burú jù, torí kò sẹ́ni tó ń wo inú rẹ̀. Mo kó páànù kúrò, mo gbé àwọn àpò sórí búlọ́ọ̀kù, mo sì rọ yanrìn gbígbẹ dí ihò búlọ́ọ̀kù. Mo tú ẹyin wọn síta gbangba fún oòrùn, ó gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ewé tó bá já, ọjọ́ náà ni mo ń ṣà á.

Omi náà, ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń bu ú tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ á wá tutù láti aago mẹ́fà títí ilẹ̀ fi máa mọ́, ọ̀nà á sì dán fún ìgbín. Ní báyìí, àárọ̀ kùtù ni mo ń bomi rin wọ́n, ìdí ẹ̀fọ́ nìkan ni mo sì ń bu ú sí. Tó bá fi máa di alẹ́, ojú ilẹ̀ ti gbẹ.

Pátákó kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Lálẹ́, mo máa ń ti èèpo ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa bọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń sin ìgbín mọ èyí, ewé àti èso ìbẹ́pẹ wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ọ. Kí oòrùn tó yọ, mo gbé pátákó sókè, mo ṣà wọ́n sínú omi gbígbóná, mo sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Òwúrọ̀ àkọ́kọ́, 29. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò rí ju 5 tàbí 6 lọ. Bí òjò bá rọ̀ nírọ̀lẹ́, mo tún máa ń mú tọ́ọ̀ṣì jáde ní aago mẹ́sàn-án.

Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bọwọ́ tí ẹ bá ń ṣà wọ́n o. Aràn kan wà tó ń ti ara eku wọ ara ìgbín, tó sì lè dé ọpọlọ èèyàn tó bá jẹ ìgbín tí kò jinná, tàbí tó jẹ ewé tútù tí ìgbín wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́. Ewé tí ẹ kò ní sè, ẹ fọ̀ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Tí ẹ bá sì rí ìgbín ńlá níbi tí ẹ da oògùn sí, ẹ má sè é.

Ọmọ ẹ̀fọ́ kì í tún kan ilẹ̀ lọ́dọ̀ mi títí yóò fi yọ ewé mẹ́fà. Orí tábìlì ló ń wà, ẹsẹ̀ tábìlì sì wà nínú agolo omi, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe fún kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ nítorí èèrà. Mò ń da omi náà nù lọ́jọ́ méjì méjì kí ẹ̀fọn má baà yé sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gé ṣọkọ tuntun, ìdì mẹ́rin, mo gbé méjì fún Ìyá Káfáyà. Wọ́n yí ewé rẹ̀ wò níwájú, wọ́n yí i wò lẹ́yìn.

"Ẹ ò fi nǹkan kan sí i?"

Mo ní mi ò fi nǹkan kan sí i. Wọ́n pe Káfáyà pé kó gbé ìkòkò wá.