Ọnà igbá lórí kọ̀ǹpútà: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Ètò C++ tí mo ń kọ láti fi ya ọnà igbá Ọ̀yọ́ ti ń gbọ́ àṣẹ láti inú Python báyìí. Pybind11 ni mo fi so èdè méjèèjì pọ̀. Yíyà gan-an kò ni mí lára mọ́. Àwọn method (àṣẹ tí a ń pè lórúkọ nínú ètò) tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ló gba gbogbo àkókò mi.

Ẹ wo kun. kun(bool), tó ń gba bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ (True tàbí False), ń sọ bóyá kí a kun inú ọnà, kun(int), tó ń gba odidi nọ́ńbà, sì ń mú nọ́ńbà àwọ̀. Ní C++, compiler (ètò tó ń túmọ̀ kóòdù fún kọ̀ǹpútà) ti yan èyí tó yẹ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Ní ti Python, ìgbà tí ìpè bá dé ni wrapper (alárinà tí pybind11 ṣe láàárín èdè méjèèjì) ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yẹ ohun tí wọ́n gbé wá wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni pybind11 ń yẹ̀ ẹ́ wò: lákọ̀ọ́kọ́, kì í yí irú kan padà di òmíràn, bí kò bá rí èyí tó bá a mu, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, á wá gba ìyípadà láàyè. Bí a ṣe tò wọ́n ló ń tẹ̀ lé.

Ìtò yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nínú Python, ọmọ int ni bool (1 ni True), nítorí náà kun(True) á wọlé sí kun(int) wẹ́rẹ́ bí ìyẹn bá wà níwájú, àwọ̀ 1 á sì jáde. Mo gbé bool ṣíwájú, ó sì dúró.

Lísìtì òfìfo kò ní nǹkan kan nínú tí a lè fi mọ irú rẹ̀. Vector (lísìtì ti C++) int àti vector double (nọ́ńbà tó ní ojúàmì, bíi 8.0) ló bá mu, èyí tó ṣíwájú ló ń gbé e.

fin ni mo rò jù. fin(8) ń pín igbá sí ojú mẹ́jọ, fin(8.0) ń fa ìlà kan ṣoṣo sí igun 8. Mo lọ bá bàbá kan tó ń fín igbá nítòsí ọjà Akẹ́sán, mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi fín mẹ́jọ." Wọ́n gbójú sókè: "Mẹ́jọ kí ni, ọmọ mi? Ojú ni àbí ìlà?"

Mo ti pín in sí pin_oju àti fa_ila. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, kò yẹ kí ojúàmì kékeré kan máa dá wọn mọ̀.

Ó ku TypeError, ìyẹn àṣìṣe tí Python ń fi hàn bí ohun tí a gbé wá kò bá bá irú kankan mu. Pybind11 ń to gbogbo irú tí method kan ń gbà sínú rẹ̀, àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ti Yorùbá ni mo fẹ́ kọ lé e, kí àwọn ọmọ tó máa lò ó lè rí ohun tó yẹ kí wọ́n tẹ̀.