Páálí Indomie, gọ́ọ̀mù àti ìwé: bí àwọn ọmọ mi ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé láti ìgbà tí a ti padà sí Èkó

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a bímọ sókè òkun ló máa ń sọ pé kò sí wàhálà, tí ọmọ bá ti dé Èkó, Yorùbá á wọ̀ ọ́ lẹ́nu fúnra ẹ̀, àdúgbò á bá wa kọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́kàn lé e. Sùúrùlérè là ń gbé báyìí, ohun tí mo sì ń rí lójoojúmọ́ ni pé tí àgbàlagbà bá fẹ́ bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀ ní Èkó, òyìnbó ló máa kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Màámá tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé wa, Yorùbá ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀ owó, Yorùbá ni wọ́n fi ń bá oníkẹ̀kẹ́ jà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bojú wolẹ̀ tí wọ́n rí ọmọ mi, “Háwà yú, fáìn gẹ́ẹ̀lì” ló kàn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é o, mo mọ̀, wọ́n gbà pé ohun tó dáa ni àwọn ń fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 2, ọmọ ọdún 4, ohun tí etí ẹ̀ bá ń gbọ́ ni ẹnu ẹ̀ á máa sọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé inú ilé ni iṣẹ́ yìí wà, lórí ẹní, láàárín ìwé àti páálí àti gọ́ọ̀mù.

Ọmọ méjì ni mo bí, oríkì wọn ni mo máa fi pè wọ́n níbí. Àbẹ̀kẹ́ ti pé ọdún 4, Àkànní àbúrò ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá 2. Peckham ní London la bí àwọn méjèèjì sí. Ẹni tó bá mọ Peckham mọ̀ pé kò sí ohun ọbẹ̀ tí èèyàn ò ní rí níbẹ̀, láti orí ṣọkọ dé orí pọ̀ǹmọ́, ṣùgbọ́n ti ìwé ọmọdé ni mò ń bá bọ̀. Ètò kan wà lọ́hùn-ún tó ń jẹ́ Bookstart, Birmingham ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1992, ìwé ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ ọwọ́, kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n jókòó ìwé ti wà nílé dè é. Láìbrárì Peckham náà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 2000, o kàn máa gba káàdì fún ọmọ ni, wàá kó ìwé relé, o ò san kọ́bọ̀. Tí ọmọ bá sì ti pé 3, ìjọba England á máa san owó wákàtí 15 lọ́sẹ̀ fún un ní nọ́sírì. Mo jẹ ìgbádùn ẹ̀ gan-an, mo sì dúpẹ́. Ohun tí mi ò rí níbẹ̀ ni ìwé tí ọmọ á ṣí tí á rí ẹni tó ń gúnyán, tàbí danfo, tàbí ìyá àgbà tó wé gèlè lọ sọ́jà lásán tí kì í ṣe ọjọ́ òde. Àwòrán ajá tó wọ bàtà òjò ló pọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí a dé ibí, mo wá nọ́sírì káàkiri. Ọ̀kan wà tí a lọ wò lórí Mainland níbí, ilé ẹ̀ dáa, àwọn tíṣà ẹ̀ lójú àánú, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi pẹ́ńsù sọ́wọ́ ọmọ ọdún 2 pé kó máa kọ 1 dé 50, Yorùbá ò sì sí níbẹ̀ àfi nínú orin òpin ọdún. Bẹ́ẹ̀ òfin wà o. Láti 2018 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣòfin pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ máa kọ́ Yorùbá, àti ti gọ́mẹ́ǹtì àti ti aládàáni. Ìjọba àpapọ̀ náà fọwọ́ sí i ní 2022 pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ títí á fi parí pírámárì, nígbà tó di November 2025 wọ́n ní àwọn ti fagi lé e, kí wọ́n padà sí òyìnbó láti nọ́sírì lọ. Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni fà á. Wọ́n lè ṣòfin lónìí kí wọ́n yí i lọ́la, ọmọ ọdún 2 ò ní dúró dè wọ́n.

Ìwé la fi bẹ̀rẹ̀. Mo rìn ká Yábà, mo dé Broad Street ní Island. Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ, tí àwọn òbí wa kà, ṣì wà lórí àtẹ, inú mi dùn láti rí i, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti fẹ́ mọ̀wé kà ló wà fún. Ìwé Yorùbá tó le bíi páálí, tí ọmọ ọdún 2 lè fi eyín gé létí tí kò ní ya, ọ̀wọ́n gógó ni. Torí náà ọgbọ́n méjì la dá sí i.

Ìwé òyìnbó tí a kó bọ̀ láti London, mi ò kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, àwòrán inú ẹ̀ ni mò ń kà, Yorùbá ni mo sì fi ń kà á. Ti Àkànní rọrùn: “Ajá dà? Imú ẹ̀ dà? Bàtà ẹ̀ dà?” Á nawọ́ sí i, èmi á wá sọ gbólóhùn náà tán fún un, “Ajá nìyí, bàtà ló wọ̀.” Ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí yẹn, “dà” ló yẹ ẹ́, ẹ má bi í pé kí ló dé. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mò ń bi ní kí ló dé. Mo ní níbo ni ajá yìí ń lọ nínú òjò, ó ní ó ń lọ ra àkàrà. Mo ní ta ló rán an, ó ní ìyá ẹ̀ ni. Mo ní tí ẹni tó ń ta àkàrà ò bá jáde torí òjò ńkọ́, ó ronú títí, ó ní a jẹ́ pé á lọ jẹ búrẹ́dì nìyẹn. Ojú ìwé kan ṣoṣo la wà tá a fi sọ gbogbo ìyẹn o, a ò tilẹ̀ ṣí èkejì, mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá sọ lórí ìwé ṣe pàtàkì sí mi ju iye ojú ìwé tí a ṣí lọ. Tó bá sì jẹ́ ìwé kan náà ló ń mú wá lójoojúmọ́, ẹ bá a kà á. Ibi tó ti mọ ohun tó kàn ni ẹnu ẹ̀ ti ń là.

Ọgbọ́n kejì ni ìwé tí a fọwọ́ ara wa ṣe, èyí gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gé páálí Indomie sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ àgbà, ojú mẹ́fà sí mẹ́jọ tó. Ẹ ya àwòrán sí i tàbí kí ẹ ní kí wọ́n bá yín tẹ fọ́tò jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹ wá fi sẹ́lótéèpù tó fẹ̀ bo gbogbo ojú ẹ̀ torí itọ́. Ẹ lu ihò méjì sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi okùn so ó pọ̀. Gbólóhùn kan péré sí ojú kan. Ìwé danfo la kọ́kọ́ ṣe, Àbẹ̀kẹ́ fi kréyọ́nù kun ọkọ̀ náà ní yẹ́lò, ó fa ìlà dúdú méjì sí i lára. Dírẹ́bà ń wakọ̀. Kọ̀ńdọ́ ń pe “Yábà, Yábà, Ojúẹlẹ́gbá!” Màámá gbé agbọ̀n lẹ́sẹ̀. Bọ̀dá ń sùn. Ojú tó kẹ́yìn ni èrò tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀, “Ó wà o!” Àkànní ò tíì lè sọ gbólóhùn tó gùn, ṣùgbọ́n tá a bá ti ń súnmọ́ ojú yẹn á ti máa fò sókè, á wá pariwo “Ó wà oooo!” débi tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ á gbọ́.

Ìwé kejì, àwọn èèyàn àdúgbò wa ló wà níbẹ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn ká tó ya wọ́n: télọ̀, Bàbá tó ń tún táyà ṣe, Màámá oníbúrẹ́dì. Nígbà tí a gbé e lọ fi han Màámá, wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n gba ìwé náà, wọ́n rí ara wọn níbẹ̀ pẹ̀lú “Màámá ń ta búrẹ́dì gbígbóná” lábẹ́ ẹ̀, wọ́n bá ń kà á sókè fún Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́ ń dá wọn lóhùn. Láti ọjọ́ náà “Ṣé o jí ire, Àbẹ̀kẹ́ mi?” ni wọ́n fi ń kí i, òun náà á kúnlẹ̀, “Ẹ káàárọ̀ mà.” Mo lè bẹ̀bẹ̀ fún odidi ọdún kan kí n má rí irú ẹ̀.

Ti lẹ́tà ńkọ́? Àwọn lẹ́tà oníke tí a rà ní London wà lára fíríìjì, ṣùgbọ́n Yorùbá ò pé níbẹ̀. Lẹ́tà 25 ni ábídí wa, kò sí C, Q, V, X àti Z níbẹ̀, Ẹ, Ọ, Ṣ àti GB sì wà. A bá gé E, O àti S lára páálí bàtà, Àbẹ̀kẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ hóró egúsí kọ̀ọ̀kan sábẹ́ wọn. G àti B la so pọ̀. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú egúsí, ẹ̀wà àti àgbàdo ṣá o, ọmọ tí ò tíì pé 3 lè kì í bọ imú tàbí kó há a lọ́fun, torí náà Àkànní ò gbọ́dọ̀ dá wà níbi tí wọ́n bá wà. Ìwé ìròyìn àtijọ́ la máa ń kó fún òun pé kó máa fà á ya, ìka ẹ̀ ń gba agbára, òun náà gbà pé iṣẹ́ ńlá lòún ń ṣe.

Àmọ̀ táwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ẹ má ná owó lé e lórí. Fúláwà ife 2, iyọ̀ ife 1, omi ife 1, òróró díẹ̀, ẹ pò ó. Iyọ̀ ẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá tọ́ ọ wò ni ò ní fẹ́ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tèmi ti fi ṣe àkàrà, fi ṣe ẹja, wọ́n pàtẹ ẹ̀ sórí àga, èmi wá di oníbàárà. “Èló ni, ìyá alákàrà?” “Igba náírà.” “Ẹ dín in kù fún mi o.” “Ó ti, ọjà ti gbówó lórí.” Ibo ló ti gbọ́ ìyẹn! Nínú ọjà tí wọ́n ń ná yìí ni ìṣirò wà, ìwà ọmọlúàbí wà níbẹ̀, Yorùbá sì ń ṣàn.

Ti àwọ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. A se zobo, a jẹ́ kó tutù, a bù ú sí ike mẹ́ta. A fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, a da omi kán-ún sí ọ̀kan, a ò fi nǹkan kan sí ẹ̀kẹta. Èyí tó ní ọsàn pupa fòò, èyí tó ní kán-ún bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ó wá dà bí àwọ̀ ewé tó pò mọ́ búlúù. Àwọ̀ inú zobo máa ń yí padà ni tí ohun tó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ bá bá a pàdé, kán-ún sì ni òdìkejì ohun tó kan. Àbẹ̀kẹ́ ní idán ni. Mo ní kó tún un ṣe kó wò ó bóyá idán ni, ó tún un ṣe, ó rí nǹkan kan náà, ó dákẹ́ ó ń wò ó. Èmi ni mo po omi kán-ún o, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án tàbí kó mu ún.

Tí wọ́n bá mú iná, àlọ́ ni. Màámi ni wọ́n ń pa á, wọ́n máa ń wá láti Abẹ́òkúta wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. “Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́.” Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kejì mò ń ro àmàlà, Àbẹ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó kígbe, “Màámi! Orógùn ni!” A wá fi kéréètì ẹyin ṣe Ìjàpá, ẹ̀yìn ẹ̀ ti rí gbágungbàgun tẹ́lẹ̀, orí àti ẹsẹ̀ nìkan la fi kún un.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé òyìnbó àwọn ọmọ yìí ò ní bàjẹ́. Kò ní bàjẹ́. Òyìnbó wà nínú tẹlifíṣàn, ó wà nínú ọkọ̀, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wá wọn kiri. Ẹni tó bá jẹ́ pé Third Mainland Bridge ló ń jẹ àsìkò ẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kó mú ìṣẹ́jú 15 péré kí ọmọ tó sùn, kó sì bẹ ẹni tó ń bá a tọ́jú ọmọ pé Yorùbá ni kó máa bá wọn sọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló rò pé inú ọ̀gá ò ní dùn sí i ni.

Rélùwéè tuntun náà ti wọ inú eré wa, Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní October 2024. A lọ wò ó ní Yábà, bí a ṣe délé ni wọ́n to páálí lọ títí, mo bá wọn kọ orúkọ ibùdókọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i: Àgbádó, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Múṣin, Yábà, Òyìngbò. Inú Àgbádó ni Àbẹ̀kẹ́ ti fúnra ẹ̀ rí GB, kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ẹ̀yọ̀ la wà lórí ẹ̀ báyìí. Páálí bàtà la fi ń gé àkẹtẹ̀ ẹ̀, àwọ̀ márùn-ún la nílò, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ Ẹ̀yọ̀ kọ̀ọ̀kan: dúdú fún Àdímú, pupa fún Làbà, yẹ́lò fún Oníkò, àwọ̀ ewé fún Ológẹ̀dẹ̀, pọ́pù fún Àgẹ́rẹ́. Èédú fún wa ní dúdú, atalẹ̀ pupa fún wa ní yẹ́lò, zobo ọlọ́sàn bá wa ṣe pupa. Àbẹ̀kẹ́ ní omi kán-ún ló máa ṣe ti Ológẹ̀dẹ̀, ó ní kí n má sọ bó ṣe máa rí fún un, òun fúnra òun fẹ́ dán an wò lọ́la.