Táíwò níwájú, Kẹ́hìndé lẹ́yìn: bí ìyá mi ṣe nà mí ní tẹ́nìsì nínú pálọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣi lẹ́tà tẹ̀ níbí ẹ fojú fò ó jàre, ọwọ́ ọ̀tún mi ò tíì ṣeé gbé kọjá èjìká dáadáa. Mi ò lọ gégi, mi ò gúnyán. Tẹ́nìsì ni mo gbá, nínú pálọ̀ nílé wa n'Ìbàdàn, èmi àti ìyá mi. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 68, orí àga ni wọ́n jókòó sí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn ò tiẹ̀ mú ìborùn kúrò léjìká, wọ́n sì nà mí bí ẹni na ọmọ tó fọwọ́ bọ ìkòkò ọbẹ̀.

Ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń pè ní Wii ni. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á máa fi mí rẹ́rìn-ín, torí 2006 ni Nintendo gbé e jáde, ó ti di arúgbó láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀, àmọ́ nígbà tiẹ̀ ariwo ẹ̀ gba ayé kan, èyí tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù 100, ní ibi tó pọ̀ jù láyé, inú páálí kan náà ni Wii Sports tí tẹ́nìsì yìí wà nínú ẹ̀ máa ń bá a wá. Tiwa yìí, tòkunbọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n ń gbé London ni wọ́n kó o mọ́ ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́, àwọn ọmọ wọn ti dàgbà kọjá ẹ̀. Ó sì dáa tó jẹ́ pé London ló ti wá, iná tiwọn àti tiwa bára mu, ẹnu púlọ́ọ̀gì wọn náà wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Ká ní ti Amẹ́ríkà ni, tí mo bá ṣèèṣì kì í bọ ògiri báyìí, ọ̀rọ̀ èéfín ni mi ò bá máa kọ.

Ṣùgbọ́n mo gbé e sórí àpótí fún bí oṣù mẹ́ta kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò, eku sì ti ṣe tiẹ̀. Ọ̀pá dúdú pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n máa ń gbé síwájú tẹlifíṣọ̀n, kò gùn tó rúlà àwọn ọmọ iléèwé, wáyà ẹ̀ ni eku gé sí méjì. Mo ti gbà pé ó parí nìyẹn, torí ohun tí mo rò ni pé ọ̀pá yẹn ló ń wo ọwọ́ wa. Àṣé afọ́jú ni! Fìtílà lásán ni, iná tíńtìntín márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, ojú èèyàn ò sì lè rí ìmọ́lẹ̀ wọn. Rìmóòtù tó wà lọ́wọ́ wa gan-an ló lójú, ibi imú ẹ̀ níwájú lojú yẹn wà, iná méjèèjì ló fi ń mọ ibi tí a nà án sí. (Ẹ mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n yín, ẹ kọ imú ẹ̀ sí kámẹ́rà fóònù, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì kan, lórí ọ̀pọ̀ fóònù ẹ máa rí i tó ń ṣẹ́jú. Irú iná yẹn náà ni.)

Nígbà tó ti jẹ́ pé iná méjì ló ń wá, àbúrò mi ní ṣé àbẹ́là ò lè ṣe é? Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà, àfi ìgbà tí a dán an wò. Àbẹ́là méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan lápá òsì, mo na rìmóòtù sí i, ọwọ́ kékeré yọ lójú tẹlifíṣọ̀n ó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Àwa tí àbẹ́là ò wọ́n nílé nítorí NEPA! Ìgbà yẹn ni ìyá mi wọlé, wọ́n wo iná mànàmáná tó wà, wọ́n wo àbẹ́là, wọ́n wo èmi tí mo dúró láìwọ bàtà, wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti di Sẹ̀lẹ́ ni?"

Bó o bá ti wọ inú tẹ́nìsì tán ṣá, o lè fẹ́ àbẹ́là pa. Fífì ọwọ́ ò nílò iná kankan, nǹkan míì wà nínú rìmóòtù tó ń mọ ìgbà tó o fì í àti bó ṣe le tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìgbéraga mi. Mo gbá tẹ́nìsì gidi ní sẹ́kọ́ńdìrì, mi ò dáa púpọ̀ ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n díẹ̀, kóòṣì wa ò sì ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu ju "ẹsẹ̀! ẹsẹ̀!" lọ. Ó ní ẹsẹ̀ ló ń gbá tẹ́nìsì, ọwọ́ kàn ń bá a parí iṣẹ́ ni. Mo wá gbé gbogbo ìyẹn wá sí pálọ̀, mo ti àga sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti ọ̀tún sí òsì bí ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò ẹ̀. Asán ni gbogbo ẹ̀, torí àwọn èèyàn inú géèmù ń sáré fúnra wọn, wọn ò bi ọ́. Ìwọ ṣáà ti mọ ìgbà tó yẹ kó o fì. Kò sì jọ mí lójú mọ́ nígbà tí mo rántí pé lọ́dún 1958, nígbà tí William Higinbotham, onímọ̀ físíìsì kan, ṣe géèmù tẹ́nìsì kan fáwọn àlejò ní ibùdó ìwádìí Brookhaven ní New York, kò sí nǹkan míì lójú ẹ̀rọ yẹn ju ilẹ̀, nẹ́ẹ̀tì àti bọ́ọ̀lù lọ. Kọ́rọ́bọ́tọ́ kan tí wọ́n ń yí, bọ́tìnnì kan tí wọ́n fi ń gbá a, ó tán. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ìyá mi ní kí n fún àwọn ní rìmóòtù kan. Mo ya àwòrán wọn sínú ẹ̀, mo fi jígí ojú sí i, mo di irun ẹ̀. Orí àwọn èèyàn inú ẹ̀ máa ń tóbi ju ara lọ, bíi ti ère ìbejì gẹ́lẹ́, àfiwé yẹn ò sì wá sí mi lọ́kàn àfi ìgbà tí ayò bẹ̀rẹ̀ tí Màmá rí ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan nídìí nẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan lẹ́yìn.

"Èwo ni mí nínú àwọn méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni méjèèjì, Mà. Tẹ́ ẹ bá fì í, àwọn méjèèjì ló máa fì í pọ̀."

Wọ́n dákẹ́, wọ́n wò ó. "Ìbejì ni, kí ló dé tó ò tètè sọ? Ti iwájú yìí ni Táíwò, ìyánhànhàn ló ń ṣe é, òun ló sáré jáde wá tọ́ ayé wò. Ti ẹ̀yìn yìí ni Kẹ́hìndé, òun lẹ̀gbọ́n. Bọ́ọ̀lù tí Táíwò ò bá ní sùúrù fún, Kẹ́hìndé á bá a mú un."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbá géèmù yìí rí mọ̀ pé gbogbo àṣírí ẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi, bọ́ọ̀lù kò tíì kọjá nẹ́ẹ̀tì tí ọwọ́ mi ti lọ, Táíwò mi á fì í sófo, Kẹ́hìndé mi náà á fì í sófo pẹ̀lú ẹ̀, kí Kẹ́hìndé tó tún gbọ́wọ́ padà bọ́ọ̀lù ti kọjá. Màmá á jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kọjá lójú Táíwò, wọ́n á jẹ́ kó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá fi ọrùn ọwọ́ nìkan ṣe báyìí, bí ẹni lé eṣinṣin kúrò lórí ẹja. Pó! Ariwo yẹn ò sì ti inú tẹlifíṣọ̀n wá, inú rìmóòtù fúnra ẹ̀ ló ti ń jáde, ó tún ń gbọ̀n lọ́wọ́. Wọ́n ní bí iyán ẹlẹ́ni méjì ló rí, odó kan ọmọ odó méjì, o ò lè sọ tìẹ kalẹ̀ títí ti ẹnì kejì á fi gòkè, ẹni tó bá kánjú ló máa fọ́ ọmọ odó. Ẹ gbọ́ o, mo ti kà nípa géèmù yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ojú fi ń ro mí, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó burú wá ni pé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá wọ́n ti rí èkejì fúnra wọn: bó o bá tètè fì í, bọ́ọ̀lù á yà sí apá kan, bó o bá fi falẹ̀ díẹ̀ á yà sí apá kejì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń dà mí sọ́tùn-ún sósì. Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni ti kíka ayò. 15, wọ́n gbà. 30, wọ́n gbà. Nígbà tó kan 40, wọ́n gbé rìmóòtù sílẹ̀: "Márùn-ún tó kù dà? Ta ló jẹ ẹ́?"

Géèmù kìíní, wọ́n jẹ mí. Ní ìkejì ni mo bá ní mo máa fi agbára gbá a. Gbogbo ìgbà tó o bá ṣí géèmù yìí ló máa kọ ọ́ gàdàgbà pé kó o so okùn rìmóòtù mọ́ ọrùn ọwọ́, èmi ò so ó, ṣé ọmọdé ni mí ni. Lóṣù December 2006 kan náà tí nǹkan yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni Nintendo ti ní àwọn máa pààrọ̀ okùn bíi mílíọ̀nù 3.2 fáwọn èèyàn, kí wọ́n fi èyí tó nípọn rọ́pò ẹ̀, torí àwọn tó ń fi rìmóòtù fọ́ tẹlifíṣọ̀n. Tèmi yìí okùn tó nípọn ló ní, ẹ̀bi kankan ò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni àfi èmi. Òógùn wà lọ́wọ́ mi, mo gbé bọ́ọ̀lù sókè láti sọ ọ́ wọlé, mo fì í tagbáratagbára, rìmóòtù bọ́, ó gba abẹ́ fáànù kọjá, ó lọ kan abọ́ tánńganran tí Màmá gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà ìgbéyàwó wọn.

Ó fọ́ yángá. Gbogbo ilé dákẹ́. Èmi ń wo abọ́, àbúrò mi ń wo èmi, àfi pó! tí mo gbọ́ lẹ́yìn mi. Bọ́ọ̀lù tèmi ti wọlé, Màmá sì ti dá a padà.

"O máa ra òmíì," wọ́n ní, wọn ò wo ẹ̀yìn. "Mélòó la wà báyìí?"

Géèmù méjì sí òdo ló parí sí. Alẹ́ ni èjìká wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rò pé èmi nìkan ni o, lọ́dún 2007 dókítà kan kọ lẹ́tà sínú New England Journal of Medicine, nípa dókítà ọmọ ọdún 29 kan tó jí láàárọ̀ Sunday tí èjìká ọ̀tún ń dùn ún gan-an, àṣé tẹ́nìsì Wii ló fi ọ̀pọ̀ wákàtí gbá. Ibuprofen ọ̀sẹ̀ kan ni ìwòsàn ẹ̀, kó má sì fọwọ́ kan Wii rárá, ara ẹ̀ sì yá. Tèmi, Màmá fi róòbù ra á fún mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀, wọ́n ní tẹ́nìsì gidi á ti rẹ̀ mí kí n tó ṣe ara mi léṣe tó báyìí. Òótọ́ ni.

Láti ìgbà náà wọn ò tún bá mi gbá a púpọ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n ń bá gbá a. Máàkì kan wà tí géèmù fi ń díwọ̀n bí èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó, tó bá lé ní 1000 wọ́n á kọ Pro sí i lára, Màmá ti kọjá ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, Elisa àti Sarah tó le jù nínú àwọn tó wà nínú ẹ̀ ni wọ́n ń lé báyìí. Èmi ò tíì dé 700.

Alẹ́ àná, Màmá wà ní 40 sí 30, wọ́n ti gbé bọ́ọ̀lù sókè, ni NEPA bá mú iná lọ. Òkùnkùn kùrà. Mo ń táràrà kiri fún ìṣáná, mo ti rí àbẹ́là kan, ni ohùn wọn bá dún láti orí àga.

"Gbé e sílẹ̀ o. Méjì péré ló kù, ti tẹ́nìsì ni."